Ta Ló Sọ Ewé Yìí Ní Akíntọ́lá?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bọ́ sí ẹ̀yìn ilé tí ẹ ń gbé, ì báà ṣe ní Àkùngbá, ì báà ṣe ní Ṣúpárè, ní Ọ̀kà tàbí ní Ìkàrẹ́. Ẹ wo ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́lé sí. Igbó kan wà níbẹ̀ tó máa ń yọ òdòdó kéékèèké bí òwú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òórùn rẹ̀ sì máa ń le bí a bá fọwọ́ ra ewé rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ ewéko á sọ fún yín pé Chromolaena odorata ni. Àwọn àgbẹ̀ ní Akíntọ́lá ni. Níbòmíràn, wọ́n ní Awólọ́wọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí, torí òun ni mo fẹ́ fi ja ìjà tí mo gbé wá.

Ìjà wo? Ẹ gbọ́ ná. Ní gbogbo yunifásítì ilẹ̀ wa báyìí, orin àyíká ni wọ́n ń kọ. Láti ìgbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti gbé àfojúsùn 17 kalẹ̀ ní ọdún 2015, tí wọ́n ní ká bá wọn dé ọdún 2030, kò sí ìpàdé tí wọn kì í ti dárúkọ ohun tí òyìnbó ń pè ní sustainability. Wọ́n ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Òótọ́ ni. Wọ́n wá pe onímọ̀ ilẹ̀, onímọ̀ ojú ọjọ́, ẹnjiníà, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, agbẹjọ́rò. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka èdè Yorùbá ńkọ́? Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí tán, tí wọ́n fẹ́ lẹ ìwé mọ́ ara ògiri fún àwọn ará abúlé, ìgbà yẹn ni wọ́n á rántí pé àwọn ọmọ Yorùbá wà. "Ẹ bá wa túmọ̀ ojú ìwé méjì yìí, kíá kíá, jàre."

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: ìwádìí nípa ilẹ̀ àti igbó ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò bá fi èdè àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ààbọ̀ ìwádìí ni. N kò sọ bẹ́ẹ̀ torí pé à ń wá ipò. Mo sọ ọ́ torí pé ìdajì ohun tí wọ́n ń wá kiri, inú ọ̀rọ̀ ló wà.

N kò bínú iṣẹ́ tí àwọn kan ti ṣe o. Yunifásítì Ìbàdàn dá ilé-iṣẹ́ tiwọn fún ìdàgbàsókè alálòpẹ́, CESDEV, sílẹ̀ ní ọdún 2010, kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lè pàdé lábẹ́ òrùlé kan. Ní FUTA, Àkúrẹ́, níbi tí kò jìnnà sí wa púpọ̀, WASCAL tí ìjọba Jámánì ń náwó sí ń kọ́ àwọn ọmọ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìmọ̀ ojú ọjọ́ títí dé oyè ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo àwọn yunifásítì wa lápapọ̀, ibo lẹ ti rí i tí onímọ̀ èdè jókòó láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n ń kọ ìbéèrè ìwádìí?

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí Akíntọ́lá. Ewé yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ti àárín àti ti gúúsù, ló ti wá. Àwọn onímọ̀ ewéko ní ó wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1930, pé ó bá èso igi Gmelina tí wọ́n kó láti Sri Lanka wá, pé agbègbè Enúgu ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Láti ibẹ̀ ló ti ń rìn bọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn. Ìgbà wo ló dé oko àwọn bàbá wa? Ẹni tó ń kọ ìwé ìtàn kò sí lóko lọ́jọ́ náà. Àgbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ rí ewé tí kò rí rí, tó ń gba ilẹ̀ bí ẹni ń gba ìjọba, ó sì sọ ọ́ lórúkọ ẹni tí ariwo rẹ̀ gba ìlú lásìkò náà. Awólọ́wọ̀ ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láti 1954 títí di 1959. Ládòkè Akíntọ́lá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1959, wọ́n sì pa á ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966. Ṣé ẹ rí i báyìí? Déètì wà nínú orúkọ náà. Àgbẹ̀ tí kò lo bírò ti kọ ọdún sára ewé.

Ẹ má rò pé àwa nìkan la ṣe é. Ní Gánà, Acheampong ni wọ́n ń pe ewé kan náà, lórúkọ ológun tó ṣèjọba níbẹ̀ láti 1972 di 1978. Orílẹ̀-èdè méjì, orúkọ olóṣèlú, ewé kan. Tí a bá kó àwọn orúkọ wọ̀nyí jọ láti abúlé dé abúlé, tí a sì yà wọ́n sórí máàpù, a lè mọ ọ̀nà tí ewé náà gbà rìn, ká sì mọ ojú tí àwọn ènìyàn fi wò ó. Abúlé wo ló ní Akíntọ́lá, èwo ló ní Awólọ́wọ̀? Ṣé èébú ni àbí ìyìn? Onímọ̀ ewéko nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nìkan kò sì lè ṣe é, torí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ewé yìí àti ìbátan rẹ̀. Ohun tí à ń pè ní ìwádìí alájọṣe gan-an nìyẹn.

Ẹ tún bi àgbẹ̀ bóyá ewé náà dára àbí kò dára. Kò ní fún yín ní ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́". Á ní ó máa ń pa ẹ̀kan, koríko burúkú tó ń gún ni lẹ́sẹ̀ tó sì ń lé ènìyàn kúrò lóko. Á ní bí àdá bá ṣá ni, ewé rẹ̀ ni à ń fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Á wá ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun ló máa ń gbe tó sì ń gbé iná kiri, òun sì ni tata fẹ́ràn láti máa fara pamọ́ sí. Ìmọ̀ nìyẹn. Ìwé tó kàn pè é ní "koríko ajèjì apanirun" tó sì dákẹ́ kò tíì gbọ́ ìdajì ẹjọ́.

Mo ti dárúkọ tata. Ẹjọ́ tirẹ̀ tún wà. Láàárín àwọn ọdún 1970, tata tó ní àwọ̀ mèremère yìí ń jẹ ẹ̀gẹ́ run ní gúúsù Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ kòkòrò sì wá láti wá ojútùú. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n rí ni pé bí tata bá fẹ́ yé, wọ́n máa ń kó jọ sí ojú kan náà tó ṣíji, pé bí a bá hú ẹyin náà síta kí oòrùn pa á, iye wọn á dín kù. Paul Richards, òyìnbó kan tó fara balẹ̀ bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ *Indigenous Agricultural Revolution* ní ọdún 1985 pé àwọn àgbẹ̀ ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ń fi owó ńlá wá. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí gbogbo oko jọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, torí tata kò mọ ààlà. Ìbéèrè mi rọrùn: owó àti ọdún mélòó ni ìbá ṣẹ́kù ká ní àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bi, ní èdè tí àgbẹ̀ fi ń ronú?

Àwọn tó ṣe é dáadáa wà. Ní 1967, Pierre Verger, ọmọ Faransé tó di Fátúm̀bí láàárín wa, tẹ ìwé *Awọn Ewé Ọ̀sanyìn* jáde ní Yunifásítì Ifẹ̀. Kò kó ewé jọ kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó kọ orúkọ Látìnì, ó kọ orúkọ Yorùbá, ó tún kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn babaláwo ń sọ sí ewé náà, ó wá fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú ọfọ̀ sábà máa ń jẹ yọ nínú orúkọ ewé fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ju ọfọ̀ náà nù ti ju ìlànà tí wọ́n fi ń rántí ewé nù. Ní Ifẹ̀ kan náà, láti ọdún 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, tó fi dórí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò gọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ìlànà èdè abínibí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, wọ́n fagi lé e ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí èdè ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, ta ni yóò gbà á là bí àwa tí a wà ní yunifásítì kò bá fi hàn pé ó wúlò fún nǹkan tó ju orin àti ìjálá lọ?

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kan àpò. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tó ń pèsè kòkó jù ní Nàìjíríà, àwọn oko kòkó sì wà ní Àkókó níbí. Ní ọdún 2023, Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin kan pé kòkó tí a bá gbìn sórí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Ẹni tó ń kó kòkó wọlé gbọ́dọ̀ fi ojú ibi tí oko náà wà lórí máàpù hàn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n òfin ni. Kí wá ni igbó? Nínú òfin wọn, ilẹ̀ tó fẹ̀ ju ìdajì hẹ́kítà lọ, tí igi rẹ̀ ga ju mítà 5 lọ, tí ìbòjì igi sì bo ju ìdá 10 nínú 100 ilẹ̀ náà lọ, tí a kò sì fi dáko, igbó ni.

Ó dára. Nínú èdè wa, ẹgàn kì í ṣe igbó lásán: ọwọ́ ènìyàn kò tíì kàn án. Ìjù kì í ṣe ẹgàn. Ọ̀dàn kì í ṣe ìjù. Ilẹ̀ tí bàbá kan fi sílẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kó sinmi, tí igi ti hù níbẹ̀, tó sì ń retí pé ọmọ òun á padà wá ro, kí ni a óò pè é? Àwòrán tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run á fi igi hàn. Kò ní fi bàbá hàn, kò sì ní fi àdéhùn tó bá ilẹ̀ náà ṣe hàn. Ẹni tí yóò lọ bá àgbẹ̀ ní Ṣúpárè, tí yóò ṣàlàyé òfin yìí fún un, tí yóò sì gbọ́ àlàyé tirẹ̀ padà kó tó kọ "igbó" sínú fọ́ọ̀mù, ta ni? Bí a bá ṣe é kúdìẹ̀-kudiẹ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè ba ọjà ẹni jẹ́. Ṣé ẹ ṣì rò pé ojú ìwé méjì tí wọ́n ní ká túmọ̀ kíá kíá ló tó ọ?

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní, "Sáyẹ́ǹsì kò ní èdè." Irọ́ ni. Chromolaena odorata, ta ló bí i? Linnaeus kọ́kọ́ pe ewé náà ní Eupatorium odoratum ní 1759 kí àwọn mìíràn tó yí i padà. Odorata, olóòórùn ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní Látìnì. Àwọn náà wo ewé, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní èdè wọn. Àgbẹ̀ wa ṣe ohun kan náà. Kí ló dé tí tiwọn jẹ́ ìmọ̀, tí tiwa jẹ́ àwàdà?

Wọ́n á tún ní, "Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún nǹkan wọ̀nyí." Àwọn àgbà wa ti dá wọn lóhùn. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984; èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1990. Wọ́n jókòó, wọ́n jiyàn, wọ́n fún gírámà àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń lò ní kíláàsì lónìí. Ta ló jókòó fún ilẹ̀, omi àti ojú ọjọ́? Àwọn kan ń túmọ̀ sustainability sí "ìdúróṣinṣin". Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ tòótọ́ ló ń dúró ṣinṣin. Ẹ bi àgbẹ̀ iṣu léèrè. Àgbẹ̀ tó bá se èbù rẹ̀ jẹ, iṣu ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ. Gbogbo ìwé tí wọ́n ń kọ lórí ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ: jẹ iṣu, fi èbù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ẹni tí yóò lọ gbé e ni kò sí.

Ẹnikẹ́ta á ní, "Àwọn àgbà náà ń ṣàṣìṣe." Bẹ́ẹ̀ ni o! N kò ní kí ẹ gba gbogbo ohun tí bàbá bá wí gbọ́. Àgbẹ̀ tó ń finá sun oko á ní eérú ń fún ilẹ̀ lágbára. Òótọ́ ni fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n iná náà ń jó ewé jíjẹrà tó yẹ kó di ọ̀rá ilẹ̀. Onímọ̀ ilẹ̀ ni yóò fi ìyẹn hàn án. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ ìdí tí bàbá fi ń sun oko, àti orúkọ tó ń pe ilẹ̀ tó ti rẹ̀ àti èyí tí kò tíì rẹ̀, ìwàásù lásán ló máa ṣe, bàbá á sì kí i pé ó ṣeun, á tún ṣáná síbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀dọ̀ àwa fúnra wa, torí n kò wá bá àwọn oníṣáyẹ́ǹsì nìkan jà. Ẹ wo ewì tí à ń kọ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí. "Igi, ẹ má gé igi." Igi wo? Ìrókò ni àbí àràbà? Afàrà ni àbí arère? "Ẹyẹ ń ké lórí igi." Ẹyẹ wo? Akéwì tí kò lè dárúkọ igi márùn-ún lẹ́yìn ọgbà, kí ló ń bá igi kẹ́dùn fún? Ilé ìwádìí kòkó ilẹ̀ wa wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ ní Ìbàdàn. Igi ni ayunrẹ́, ìdí rẹ̀ ni ibẹ̀. Mélòó nínú wa ló lè fọwọ́ tọ́ka sí i? Bí wọ́n bá ń bi wá pé, "Yorùbá lo ń kà? Kí lo fẹ́ fi ṣe?", inú máa ń bí wa, ṣùgbọ́n bínú-bínú kì í ṣe èsì. Iṣẹ́ ni èsì.

Ẹ sì má gbàgbé pé Àkókó ni a wà. Lẹ́yìn Yorùbá ti Ṣúpárè àti ti Ọ̀kà, èdè Ukaan wà, Àbẹ̀sàbẹ̀sí wà, ti Arigidi àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ wà. Èdè kéékèèké ni wọ́n, àwọn ọmọ wọn sì ń yà sí Yorùbá àjùmọ̀lò. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe sí wa ni àwa náà ń ṣe sí wọn. Bí àgbà kan bá kú pẹ̀lú orúkọ ewé tí Yorùbá kò ní, kò sí yàrá ìwádìí tó lè wú u jáde. Ẹni tó bá ní òun ń jà fún èdè, kó jà fún ti aládùúgbò òun náà.

Kí wá ni ká ṣe? N kò ní ká dúró de owó láti Jámánì. Ìlànà ẹ̀kọ́ CCMAS tí àjọ NUC gbé jáde ní 2022 fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní ìdá 30 nínú 100 ẹ̀kọ́ láti fi ṣe ohun tó bá agbègbè tirẹ̀ mu. Ẹ jẹ́ ká béèrè pé kí ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìdá 30 yẹn lórí ilẹ̀, ewéko àti èdè, tí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ ìmọ̀ ewéko yóò jọ dúró níwájú kíláàsì kan náà láti kọ́. Èkejì, kí wọ́n gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì láti ẹ̀ka méjì jọ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, kí ọ̀kan mú ewé, kí èkejì mú ọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta kò gba àṣẹ ẹnikẹ́ni: àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí, ká pín Ṣúpárè, Ọ̀kà, Àkùngbá àti Ìkàrẹ́ láàárín ara wa, ká mú ìwé àti bírò, ká wá ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko, ká lọ kí àwọn bàbá àti ìyá lóko. Ká máa bá wọn ṣiṣẹ́ díẹ̀ o, ká má kàn dúró lórí wọn bí agbowó-orí. Ká kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ewé kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, àti ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀. Àwọn tó wà lóko lọ́jọ́ tí ewé náà dé ti ń dàgbà, àwọn mìíràn ti lọ. Ẹ jẹ́ ká tètè lọ bi àwọn tó kù pé: ta ló sọ ewé yìí ní Akíntọ́lá, kí ló sì rí kó tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?